SORMAS: Ìtò Tó Yege, Máàpù Tó Kù Díẹ̀ Káàtó

Ebola ti 2014 ló bí SORMAS, ètò kọ̀ǹpútà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, fi ń tọpa àjàkálẹ̀ àrùn. Èèyàn 20 ló kó Ebola ní Èkó àti Port Harcourt nígbà náà, 8 nínú wọn kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó fara kan aláìsàn, tí wọ́n ní láti máa yẹ̀ wò, jẹ́ 894, àbẹ̀wò ojúkojú sì tó bí 18,500. Bébà àti Excel kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kí nǹkan má já bọ́. Ilé ìwádìí Helmholtz ní Braunschweig, Jámánì, ló bá àwọn onímọ̀ wa ṣe SORMAS. Kánò àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 2015.

Ìtò àkọsílẹ̀ rẹ̀ yẹ fún ìyìn, nítorí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń ṣubú. Ó ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì wà lójú kan, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò wà lójú mìíràn. Ẹni tó kàn fara kan aláìsàn lónìí lè di aláìsàn lọ́la láìjẹ́ pé wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kọ. Ìdí nìyí tí àwòrán tó ń fi ẹni tó kó àrùn ran ẹnìkejì hàn fi ṣeé tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí èèyàn ò bá tíì pọ̀ jù. Tí wọ́n bá di ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn ìlà á lọ́ mọ́ ara wọn. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já, òṣìṣẹ́ ṣì lè máa kọ ọ́ sórí fóònù. Ẹni tó bá mọ bí nẹ́tíwọọ̀kì ṣe ń ṣe ní Agége, l'Èkó, mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Máàpù ni a ò lè gbà bọ̀rọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló fi ń kun àwọ̀, 774 tí òfin àpapọ̀ mọ̀, 20 sì ni ti Èkó nínú wọn. LCDA 37, àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, kò sí níbẹ̀. Òjòdú àti Onígbòǹgbò wọ inú Ìkẹjà, Orílé-Agége wọ inú Agége, àwọ̀ kan ṣoṣo sì bo ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ rán ọkọ̀ jáde láti Aláúsá, ibùjókòó ìjọba Èkó, kò lè fi ìyẹn mọ àdúgbò tí wàhálà wà.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìṣirò aláìsàn nínú èèyàn 100,000. Iye èèyàn wo la fẹ́ fi pín in? Ìkànìyàn 2006 fún Èkó ní bíi mílíọ̀nù 9. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn ka ju mílíọ̀nù 17 lọ. (Ìjà yẹn kò tíì parí, a ò sì ní jà á níhìn-ín.) Aláìsàn kan náà, fáìlì kan náà, iye tí àwọ̀ dúró fún lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì yàtọ̀. Máàpù tí kò bá kọ iye tó fi ṣe ìpín sí ojú ara rẹ̀ gbangba ń fi ẹwà ṣi aráàlú lọ́nà.

Ẹ̀bi àwọn tó kọ ètò náà nìkan kọ́. Jámánì fúnra rẹ̀ gbé e fún àwọn ọ́fíìsì ìlera rẹ̀ nígbà Kòrónà ní 2020, èyí kò sì ní ya ẹni tó wo ìtò rẹ̀ lẹ́nu. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, kí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ní Aláúsá fi LCDA 37 kún máàpù tirẹ̀, kí ó sì kọ iye èèyàn tó fi ṣe ìṣirò sí abẹ́ rẹ̀.