Àwòrán Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà Nínú Àpótí Kékeré

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń jiyàn lórí ohun tí a lè pè ní iṣẹ́ ọnà Yorùbá, èmi ni mo dìde ní ìparí tí mo sọ pé kíkun igi àti òkè lórí pákó pelebe, bí ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ti ń ṣe, àṣà òyìnbó pọ́ńbélé ni, àti pé bí Yorùbá bá fẹ́ yin òkè, oríkì ni í fi í yìn ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi yìí jókòó ní ìlà kẹta, kò sọ ohunkóhun. Ní ọjọ́ kejì ó wá bá mi ní yàrá, ó ní, "O ò tíì rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é rí. Múra kí a jọ lọ." Àbọ̀ ìrìn àjò náà ni mo ń jẹ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa yìí. Mo ti yí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi padà, n kò yí gbogbo rẹ̀ padà, ọ̀rẹ́ mi náà kò sì ní í fẹ́ràn gbogbo ohun tí yóò kà níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹrù rẹ̀ ti rí. Àpótí pákó ni, káfíńtà kan ní Ifẹ̀ ni ó kàn án fún un, ènìyàn lè há a sí abíyá kan kí ó sì máa rìn lọ. Bí a bá ṣí i, ìdérí rẹ̀ a nàró, pákó tí ó fẹ́ kùn a sì há sí ara ìdérí náà. Nínú àpótí gan-an ni ó ti ń po ọ̀dà. Pákó náà gùn ní íǹṣì 8, ó fẹ̀ ní íǹṣì 6, kò ju ìwé kíkà kan lọ. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ ní ọjọ́ kan, nítorí náà káfíńtà gbẹ́ ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpótí náà tí a ń ti àwọn àwòrán tútù bọ̀, kí wọ́n má baà kan ara wọn. Oṣù Kejìlá ni a lọ, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Eruku ọ̀nà Iléṣà lẹ̀ mọ́ àwòrán mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ fún un pé kò sí ẹni tí yóò lè jiyàn mọ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo pe iṣẹ́ yìí ní àṣà òyìnbó, n kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá kò tíì gbó púpọ̀. Ṣáájú ọdún 1841, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn akunwòrán wọn ń di ọ̀dà sí. Bí ó bá bẹ́ lọ́nà, aṣọ ẹni tí ó gbé e ni yóò gbà á. Ní ọdún náà ni John Goffe Rand, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe agolo rírọ̀ tí a lè tẹ̀ bí a ti ń tẹ ọṣẹ ìfọyín lónìí, láti ìgbà náà ni ó sì ti rọrùn fún ènìyàn láti kó ọ̀dà rin ìrìn àjò. Àwọn alágídí kan ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀. John Constable, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó ní Hampstead ní ọdún 1821 àti 1822, ó ń kun ojú ọ̀run lórí bébà kékeré, ó sì ń kọ wákàtí àti irú afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí ẹ̀yìn wọn. Ọ̀rẹ́ mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn pákó rẹ̀ kan wà tí ó kọ sí pé: "Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọyẹ́, ebi ń pa mí."

Bí a bá sì dé ilé, ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àìná Ọ̀nàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní ọdún 1882, fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jà fún un pé ọmọ adúláwọ̀ lè ya ohun tí ojú rí gẹ́lẹ́ bí ó ti rí. Kenneth Murray, òyìnbó tí ó dé ní ọdún 1927 láti wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, gbà pé ipasẹ̀ àwọn agbẹ́gilére àti àwọn ahunṣọ wa ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa tọ̀. Òyìnbó ń bẹ̀ wá pé kí a má ṣe bí òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ní òun yóò ṣe é. Adájọ́ tí yóò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní í rẹ́rìn-ín ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé, ní ọjọ́ àríyànjiyàn wa, mo gbàgbé àwọn orí idẹ tí a hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938. Àwọn tí wọ́n rọ nǹkan wọ̀nyí ti ń wo ojú ènìyàn, wọ́n sì ti ń mú un gẹ́lẹ́ bí ó ti rí, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ta ni ó wá sọ fún mi pé wíwo nǹkan dáradára jẹ́ ohun àjèjì?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ni ó yí mi lọ́kàn padà. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lẹ́sẹ̀ òkè tí omi Olúmirìn ti ń dà sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi nawọ́ sí igbó tí ó bo òkè náà, ó ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ èdè, kí ni Yorùbá ń pe àwọ̀ yẹn?" Mo ní, "Àwọ̀ ewé." Ojú tì mí bí mo ti sọ ọ́ tán, nítorí ó dàbí ìgbà tí ènìyàn bá bi mí ní orúkọ ọkùnrin kan tí mo sì ní, "Ọkọ ìyàwó rẹ̀." Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè mọ̀ pé funfun, dúdú àti pupa ni àgbà nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa, a sì máa ń sọ ọ́ nínú kíláàsì bí ẹni pé a ń sọ àléébù. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ó tutù yọ̀yọ̀ ni." Ó sì tún padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ ìyá yìí títí a fi padà dé Iléṣà. Yọ̀yọ̀ kò sọ irú àwọ̀ tí ewé ní. Bí ewé náà ti kan ojú ni ó sọ, pẹ̀lú omi ara rẹ̀ àti títutù rẹ̀. Bákan náà ni pupa fòò kì í ṣe ọ̀kan pẹ̀lú pupa rúsúrúsú, tí ẹni tí ó bá sọ funfun báláú sì ti sọ pé ó bá òun lójijì. Nǹkan tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣe gan-an nìyí. Wákàtí kan péré ni ó ní kí òjìji tó yí padà. Pákó rẹ̀ kò tóbi tó ohun tí ènìyàn lè ka ewé sí. Búrọ́ṣì rẹ̀ fẹ̀ ju igi tí ó fẹ́ yà lọ. Kò lè sọ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí ibẹ̀ ti kàn án lójú ni ó lè mú, bí kò bá sì mú un lẹ́ẹ̀kan náà, ó bọ́. Nínú àwòrán rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ti ọ̀nà erùpẹ̀ kan lẹ́yìn Iléṣà, ìlà mẹ́rin péré ni ọ̀nà náà jẹ́, pupa rúsúrúsú ni gbogbo rẹ̀, àfi ibì kan tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti bà á tí ó sì pọ́n fòò. N kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìyẹn àti iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ń ṣe nínú gbólóhùn wa. Mo ti fi ẹnu ara mi pè é ní àjèjì. Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.

Nísinsin yìí ni mo wá fẹ́ bá a wí. Àwòrán méjìlá ni ó kùn ní ọjọ́ márùn-ún, mo sì jókòó tì í nígbà tí ó ń kun gbogbo wọn. Èyí tí ó ṣe ní Olúmirìn dàbí àwòrán ara kàlẹ́ńdà: omi ń dà, igi dúró, kò sí ẹnìkan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n wá ṣe fàájì kún ibẹ̀ fọ́fọ́ ní ọjọ́ náà, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ní Iléṣà ó kun òrùlé, páànù tí ó ti dípẹtà láti òkè dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òpó iná mẹ́ta ni ó yọ kúrò, pẹ̀lú gbogbo wáyà wọn àti pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mo bi í léèrè. Ó ní wọ́n ń ba ojú àwòrán jẹ́. Mo ní, ta ni ó kọ́ ọ pé òpó iná ń ba Iléṣà jẹ́? Àwọn ará Iléṣà tí n kò tíì gbọ́ kí wọ́n kùn nípa òpó, àfi nípa iná tí kò sí lórí rẹ̀! Bí ènìyàn bá gbé àpótí rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ láti jókòó níwájú nǹkan, tí ó wá ń yọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kúrò, ì bá kúkú jókòó sínú yàrá kí ó máa ronú rẹ̀.

Ẹ̀gàn kọ́ ni mo fi "kí ó máa ronú rẹ̀" ṣe o, nítorí pé láti inú ríronú ni òkìkí Òṣogbo, ibi tí a kọrí sí láti Iléṣà, ti jáde. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, tí Georgina Beier ń darí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kun àwòrán níbẹ̀, kì í ṣe yíya ohun tí ojú rí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Táíwò Ọláníyì, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ń fa iwin àti ẹbọra jáde láti inú ìtàn. Rufus Ògúndélé àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń ṣe tiwọn. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ni mo rí i pé ó súnmọ́ ilé àti ilẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ náà, ilé inú ọkàn ni. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, n kò sì gbà pé ẹnikẹ́ni tún ṣe irú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ bí Odò Ọ̀ṣun ti rí ní ojú ní ọjọ́ kan pàtó, kò ní í rí i nínú wọn. Ọ̀ṣun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

A dé ẹ̀bá odò náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tí Àdùnní Olóòrìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣọ̀nà tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ fi ère kún, èyí tí àjọ UNESCO gbà sí àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ọ̀rẹ́ mi ṣí àpótí, ó po búlúù mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun omi. Mo wo pákó, mo wo odò. Mo ní, "Níbo ni o ti rí èyí?" Ó dákẹ́. Omi tí ó wà níwájú wa dàbí tíì tí a bu mílíìkì sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn mọ ìdí rẹ̀: àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní agbègbè bí Ìtágunmódì, ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tí ń ṣàn wá sínú Ọ̀ṣun, títí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí ènìyàn yé mu omi náà. A ti gbọ́ gbogbo èyí kí a tó kúrò ní Ifẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kun odò tí a ń kọ lórin, kì í ṣe èyí tí ń ṣàn.

Ó mú ọ̀bẹ, ó ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Pupa rúsúrúsú ni omi náà láti etí kan dé ekejì, òjìji igi wà lórí rẹ̀ ní dúdú tí kò mọ́, ọyẹ́ sì bo òkè. Bí ó ti ń parí lọ ni ìyá àgbà kan tí ó wọ aṣọ funfun sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi ọ̀dà funfun kan án lẹ́ẹ̀kan, kò tóbi ju kóró ẹ̀wà lọ. Òun nìkan ni ènìyàn tí ó wà nínú àwòrán méjèèjìlá, kì bá sì sí níbẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ó rìn wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìyá náà ń padà lọ, a dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì dúró wo pákó náà pẹ́. Ó ní, "Bí ó ti rí náà lẹ ṣe é yìí." Ó tún ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ óò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wa ilẹ̀ lọ́hùn-ún?" A kò ní èsì. Mo ti gbọ́ oríkì odò náà lẹ́nu àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ki, ohùn wọn a sì máa mú mi lórí wú. Ṣùgbọ́n oríkì ń pe odò náà bí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó rán an láti jẹ́rìí sí ohun tí omi dà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá. Pákó íǹṣì 8 yìí jẹ́rìí sí i, wákàtí sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo bá ọ̀rẹ́ mi jà sí nìyí. Ó ti gbé àwọn àwòrán náà kọ́ sí ara ògiri fún gbogbo ènìyàn láti wò, mo sì rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ lọ wò wọ́n, ní pàtàkì ọ̀nà erùpẹ̀ ẹ̀yìn Iléṣà. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ó ní odò pupa kò bá àwọn ìyókù mu, pé àwọn ènìyàn yóò rò pé kò mọ bí a ti ń po ọ̀dà. Ìbá ti sọ ọ́ nù ní Òṣogbo bí n kò bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i lè kan ìlẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dà nípọn ní igun ìsàlẹ̀, kò sì tíì gbẹ tán níbẹ̀, nítorí náà kí ẹ má fi ọwọ́ kàn án.