Lẹ́tà Ńlá, Lẹ́tà Kékeré àti Àmì Ohùn nínú Òfin XML

Ní ọdún 1998 ni àjọ W3C gbé òfin XML jáde, èyí tí a fi ń sàmì sí apá kọ̀ọ̀kan ìwé, kí kọ̀ǹpútà lè mọ èyí tí í ṣe àkọlé, ìbéèrè tàbí ìdáhùn. Òfin náà kò ka lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré sí ọ̀kan náà. Bí a bá fi orúkọ “Ìbéèrè” bẹ̀rẹ̀ apá kan, tí a sì fi “ìbéèrè” parí rẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ ìwé náà. HTML kò le tó bẹ́ẹ̀: “TITLE” àti “title” kò yàtọ̀ níbẹ̀.

Àwọn tí ó ní òfin yìí le jù kò rò ó jinlẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, i a máa bọ́ àmì orí rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá di ńlá; nínú èdè Tọ́kì, kì í bọ́ ọ. Ó tọ́, nígbà náà, kí ẹ̀rọ má ṣe máa méfò. Ó sì yẹ kí a yin òfin náà pé ó gba ẹ, ọ àti ṣ wa láyè nínú orúkọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ inú “ẹ̀kọ́”: kí a tẹ ẹ lódindi, kí àmì ohùn tẹ̀lé e, kí a tẹ è lódindi, kí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀lé e, tàbí kí a tẹ e lásán, kí àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́ta ni wọ́n lójú XML. Bí olùkọ́ bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀, tí atẹ̀wé sì tẹ ìparí lọ́nà mìíràn, ẹ̀rọ yóò kọ ìwé ìdánwò náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní í rí àṣìṣe.

Àbùkù òfin náà nìyí. Ẹni tí ó bá sú lè fẹ́ bọ́ gbogbo àmì dànù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bá di “oko”, orúkọ kò ro ọmọ mọ́.

Àbá wa nìyí. Kí gbogbo orúkọ jẹ́ lẹ́tà kékeré. Kí a fi ìlà kékeré so ọ̀rọ̀ pọ̀, bí “orúkọ-òǹkọ̀wé”, dípò kí a ki lẹ́tà ńlá bọ àárín wọn. Kí a sì yí gbogbo ìwé sí ìlànà NFC ti Unicode, tí ó ń sọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, kí a tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wa.