Áljẹ́brà Nínú Òǹkà Yorùbá

Ìdánrawò pọ̀ jaburata nínú *New General Mathematics* tí M. F. Macrae àti A. O. Kalejaiye wà lára àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé kóyán rẹ̀ kéré. Àléébù ibẹ̀ ni pé kò mú òǹkà ilé akẹ́kọ̀ọ́ lò. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tí ń nájà ní Kpata, Lọ́kọ́ja, tí ó pe 45 ní àrúndínláàádọ́ta, ti yọ 5 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí ó dín mẹ́wàá ni. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. (20 × 3) − 10 − 5 ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ àkámọ́. Àwọn tí ń pe òǹkà yìí ní ìdènà kò tú u wò rárá. Bí olùkọ́ bá tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 50 − x = 45 kò ní ṣàjèjì.