“Bí Ó Bá Sọdá, Àmì Rẹ̀ Yóò Yí Padà”: Lámèyítọ́ Gbólóhùn Kan nínú Ẹ̀kọ́ Áljẹ́bírà

Gbólóhùn kan wà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbọ́ ní gbogbo kíláàsì ìṣirò JSS 1 tí a bá wọ̀ ní Enugu: bí nọ́ńbà bá sọdá àmì ìdọ́gba, àmì rẹ̀ yóò yí padà. A gbọ́ ọ ní Abakpa, a gbọ́ ọ ní Coal Camp, nígbà tí a lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà ní TP. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi èdè Ígbò là á yé àwọn ọmọ, ọmọ Yorùbá tí ó bá wà láàrin wọn a sì túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń yẹ ewì wò láti mọ ohun tí ó sọ àti ohun tí ó fi pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ gbólóhùn yìí wò. Èrò wa ni pé ó ń fi ohun tí áljẹ́bírà jẹ́ gan-an pamọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àti pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó lè tú u síta.

Kí a má ṣe àbòsí, gbólóhùn náà ń ṣiṣẹ́. Bí x + 5 bá dọ́gba pẹ̀lú 11, 5 á sọdá, á di àyọkúrò, x á sì jẹ́ 6. Olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́, tí ìdánwò BECE sì ń bọ̀, nílò ohun tí ó kúrú. Àwa tí a ń kọ èyí náà ti fi kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a dé 3x = 12. Nínú kíláàsì kan tí a jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọ kan kọ x = 12 − 3, ó ní ìdáhùn jẹ́ 9. Ẹni tí ó jókòó tì í rántí pé pínpín ni, ó wá fi −3 pín 12, ó ní −4. Olùkọ́ fi bírò pupa fagi lé méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó dáadáa, àwọn ọmọ méjèèjì gbọ́ràn. Wọ́n ní kí 3 sọdá, ó sọdá. Wọ́n ní kí àmì yí padà, ó yí padà. Gbólóhùn náà ni ó ṣẹ̀, àwọn ọmọ ni a fìyà jẹ. Olùkọ́ wá fi òfin kejì kún un, pé bí ó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀, pínpín ni yóò dà. Nígbà tí a bá dé ìdá, òfin kẹta á tún dé. Ọmọ á wá máa há òfin sórí láìmọ ohun tí ó bí wọn.

Ohun tí ó bí wọn ni àmì ìdọ́gba. Robert Recorde, dókítà ọmọ ilẹ̀ Wales, ni ó kọ́kọ́ tẹ àmì yìí sínú ìwé ní ọdún 1557. Ó fa ìlà méjì tí gígùn wọn dọ́gba nítorí pé lójú rẹ̀ kò sí ohun méjì tí ó tún lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ ṣe ń kà á kọ́ nìyẹn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999, wọ́n bi ọmọ kíláàsì kẹfà 145 ní iye tí yóò wọ inú àpótí nínú 8 + 4 = □ + 5. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó mú 7. 12 tàbí 17 ni gbogbo wọn mú. Lójú wọn, àmì yẹn ń sọ pé “ìdáhùn ń bọ̀”. Gbólóhùn tiwa wá sọ àmì kan náà di afárá. Bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan tí ó ń sọdá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a yọ 5 kúrò ní ọ̀tún, a sì yọ ọ́ kúrò ní òsì.

Àwọn ìwé ìṣirò kan mọ èyí, wọ́n sì ya òṣùwọ̀n alápá méjì láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Àwòrán náà dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí òṣùwọ̀n alápá méjì ní ọjà Ogbete? Garawa ọ̀dà tí wọ́n ń pè ní painter ni wọ́n fi ń wọn gàárì níbẹ̀, ife ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì. A ń fi ohun tí ọmọ kò rí rí ṣàlàyé ohun tí kò yé e. Ohun tí ó mọ̀ ni ṣéńjì. Bí ó bá mú 1,000 náírà lọ ra ìwé mẹ́ta tí iye wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tí ó sì gba 400 padà, ó mọ̀ pé owó ìwé mẹ́ta pẹ̀lú ṣéńjì gbọ́dọ̀ pé owó tí ó mú lọ. Kò tíì rí 3x + 400 = 1,000 rí, síbẹ̀ á sọ fún ọ pé ìwé kan jẹ́ 200 náírà. Ọ̀rọ̀ náà “pé”, bí a ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń ka owó, sún mọ́ ìtumọ̀ àmì Recorde ju “ìdáhùn ń bọ̀” lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a fẹ́ dúró lé ni “dín”. Ní nǹkan bí ọdún 820, ní Baghdad, al-Khwarizmi kọ ìwé tí áljẹ́bírà ti gba orúkọ. Al-jabr ni kí a dá ohun tí ó dín padà títí yóò fi pé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún títo eegun tí ó ṣẹ́. Ní Spain àtijọ́, algebrista ni orúkọ ẹni tí ń to eegun. Ẹ wá wo x − 5 = 11. Ní Yorùbá: ohun kan dín márùn-ún, ó ku mọ́kànlá. Ẹni tí ó bá gbọ́ “dín” á béèrè ohun tí yóò mú un pé. A dá márùn-ún padà fún un, a sì fi márùn-ún kún òdìkejì kí a má baà rẹ́ ẹ jẹ. Ìdáhùn jẹ́ mẹ́rìndínlógún, orúkọ tí ó fúnra rẹ̀ ń sọ pé mẹ́rin ni ó dín kí ó tó pé ogún. Aárùndínláàádọ́ta tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ogún lọ́nà mẹ́ta, a yọ mẹ́wàá, ó di àádọ́ta, a tún yọ márùn-ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ Ígbò náà ní ọgụ, ogún tiwọn, nínú ònkà àtijọ́. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Enugu kò lè ka nọ́ńbà dé àádọ́ta lédè wọn. Nítorí náà a kò gbé gbogbo ẹrù lé ònkà. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò mọ “ó dín” àti “ó pé” nínú wọn.

Kì í ṣe àlá ni a ń lá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fara jọ ọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè; ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ó dùn wá. Síbẹ̀, kò sí ìlànà kankan tí ó ní kí a máa sọ pé nọ́ńbà ń sọdá. Olùkọ́ ni ó ń kọ́ olùkọ́ ní gbólóhùn yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tiwa ni ó sì ń gbà kọjá.

Ní sáà yìí, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń lọ sí TP kọ́kọ́ kọ́ 3x = 12 kí wọ́n tó kọ́ x + 5 = 11, kí wọ́n sì fi ìdí èyí tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n bá ní ilé-ẹ̀kọ́ ń ráhùn pé ohun tí àwọn ń fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan parí ti di méjì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó di méjì.