Ezeulu àti Òǹkà Iṣu

Tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Chinua Achebe, Okonkwo ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Things Fall Apart, 1958: ọ̀pọ̀ wa ló kà á nílé ẹ̀kọ́ girama, ohun tí a sì mú jáde níbẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: òyìnbó dé, òyìnbó ba àṣà Igbo jẹ́. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Achebe fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ní 1964 ó gbé Arrow of God jáde, ìwé tí kì í sábà wà lẹ́nu wa, ìbéèrè inú rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí gan-an ni òyìnbó gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí? Lójú tèmi, agbára tí wọ́n ní láti jókòó, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tún àṣà wọn ṣe, ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣu. Ezeulu ni olórí àwòrò Ulu, òrìṣà tó so abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Umuaro pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ojú ọ̀run títí oṣù tuntun yóò fi lé. Tí oṣù bá ti lé, ó máa sun ọ̀kan nínú iṣu mímọ́ méjìlá tó wà nípamọ́, ó máa jẹ ẹ́. Tó bá ku ẹyọ kan, ó máa kéde Ọdún Iṣu Tuntun. Àgbẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ wa iṣu lóko kó tó kéde. Kàlẹ́ńdà ìlú ni ọkùnrin yìí.

Wàhálà dé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní dandan, Umuaro gbọ́dọ̀ ní olóyè tí ìjọba fi ìwé àṣẹ yàn. Captain Winterbottom, ọ̀gá òyìnbó agbègbè náà, mú Ezeulu, torí pé ó ti sọ òtítọ́ níwájú rẹ̀ rí lórí ilẹ̀ tí Umuaro àti Okperi ń jà sí. Wọ́n pè é lọ sí Okperi, wọ́n fi oyè lọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní jẹ́ olóyè ẹnikẹ́ni àfi ti Ulu. Wọ́n tì í mọ́lé. Oṣù tuntun lé, òmíràn tún lé, kò sí ẹni tó jẹ iṣu. Nígbà tó padà délé, iṣu tó yẹ kó ti jẹ ṣì wà nílẹ̀. Ó ní òun ò lè jẹ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: oṣù kan, iṣu kan. Iṣu wà nínú ilẹ̀, ebi wà nínú ilé.

Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ibi tí Goodcountry, olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ti rí àyè nìyẹn. Ó ní kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù Ulu mú iṣu rẹ̀ wá fún ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run àwọn Kristẹni yóò dáàbò bò ó. Àwọn ènìyàn lọ. Ìwàásù ò tíì fa èrò tó bẹ́ẹ̀ rí ní Umuaro. Iṣu ló fà wọ́n.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, bóyá ìdí nìyẹn tí òǹkà yìí ò fi kúrò lọ́kàn mi. Tí ohun tí a kọ láti máa ka nǹkan bá dákẹ́ fún oṣù méjì, kò sẹ́ni tó máa ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró dè é. A ó pe àwọn tó kọ ọ́, wọn á tún un ṣe. Ta ló wá gbé òǹkà Umuaro kalẹ̀? Achebe ti dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Nígbà tí àwọn jagunjagun Abam ń wá kó wọn lẹ́rú, abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa ẹnu pọ̀, wọ́n ní kí àwọn oníṣègùn ṣe òrìṣà kan fún wọn. Bí Ulu ṣe dé nìyẹn. Àwa náà ń sọ ọ́ nílé: bí ènìyàn ò sí, imalẹ̀ ò sí. Ẹni tó bá ní àṣà Igbo dúró sójú kan kí òyìnbó tó dé, kó tún ibẹ̀ kà.

Ìdí nìyẹn tí òyìnbó kankan ò fi sí nínú ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Olóyè mẹ́wàá lọ bá Ezeulu nílé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ iṣu tó kù, tí ẹ̀ṣẹ̀ kankan bá wà níbẹ̀, kó wá sórí àwọn. Wọ́n rán an létí pé àwọn baba wọn ti yí àṣà padà rí nígbà tó di ìnira. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe nìyẹn, láti ẹnu àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ezeulu kọ̀.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé á ní agídí ni. Òótọ́ wà níbẹ̀: ní Okperi, ó ti ń ro bí òun yóò ṣe gbẹ̀san lára Umuaro. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ máa rọ̀, Ulu fúnra rẹ̀ ló bá a wí pé ìjà náà kì í ṣe tirẹ̀, ọfà lásán ni. Orúkọ ìwé náà ti ibẹ̀ wá. Bóyá ohùn òrìṣà ni o, bóyá ohùn ìbínú ni, Achebe fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa. Ohun tó fi hàn kedere ni pé àtúnṣe kì í ṣeé ṣe láàárín àwọn tí kò fọkàn tán ara wọn. Nígbà tí òyìnbó ránṣẹ́ pe Ezeulu, ó pe àwọn àgbà jọ. Nwaka, olówó tó ń bá a ṣọ̀tá, ló ní kí ọ̀rẹ́ òyìnbó lọ dá òyìnbó lóhùn.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ ta ló la ògiri yìí? Winterbottom ti kó ìbọn wọn, ó ti fọ́ ọ, ó ti dá ẹjọ́ ilẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹlẹ́rìí òyìnbó ni Ezeulu lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìlú Igbo ò ní ọba, ìpàdé ni wọ́n fi ń ṣe ìlú. Ìjọba tó fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ kò rí i, ló bá fẹ́ fi agbára ṣe ọ̀kan. Winterbottom gan-an ò gba ètò náà gbọ́, àṣẹ ló ń tẹ̀ lé.

Àwa Yorùbá mọ irú ìtàn yìí. Ní Ọ̀yọ́, ní àwọn ọdún 1940, òyìnbó kan ò jẹ́ kí Olókùn Ẹṣin bá Aláàfin kú. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, Ṣóyínká sì fi kọ Death and the King's Horseman ní 1975. Nínú eré Ṣóyínká náà, wọ́n ti ẹni tí ètùtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́lé, ìlú sì dàrú. Ṣóyínká náà ò di gbogbo ẹrù lé òyìnbó lórí: adùn ayé ti fa Ẹlẹ́ṣin sẹ́yìn kí wọ́n tó mú un.

Ẹjọ́ kan wà tí mo ní pẹ̀lú Achebe. Obìnrin ló ń wá ohun tí ilé yóò jẹ, síbẹ̀ ọkùnrin nìkan ló lọ bẹ Ezeulu lórí iṣu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní November 1929, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn àkókò tí ìtàn yìí dá lé, òǹkà mìíràn ló gbé àwọn obìnrin dìde ní Oloko. Olóyè ìwé àṣẹ rán ènìyàn láti ka agbo ilé àti ẹran ọ̀sìn, àwọn obìnrin sì fura pé owó orí ló fẹ́ kàn wọ́n. Obìnrin Igbo àti Ibibio tú jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n yìnbọn pa èyí tó lé ní 50 nínú wọn. Ṣùgbọ́n ètò olóyè ìwé àṣẹ ò dúró bó ṣe wà mọ́. Àtúnṣe tí àwọn ọkùnrin Umuaro ò rí ṣe nínú ìwé, àwọn obìnrin yìí ṣe é lójú ayé.

Mo máa ń rí wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń jà. Àwọn kan ní àṣà kan ò gbọdọ̀ yí padà torí pé òyìnbó ló ní ká yí i padà. Àwọn kejì ní ká jù ú nù torí pé òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òyìnbó náà ni ìhà méjèèjì fi ń wọn nǹkan. Ìbéèrè àwọn olóyè mẹ́wàá yẹn sàn ju tiwa lọ: ta ni ebi ń pa, ta ni yóò sì ru ẹ̀bi àtúnṣe? Tí ẹ bá ṣí Arrow of God, ẹ ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wà lápá ìkẹyìn ìwé, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníṣu.