Ẹsẹ̀ Tó Ń Ka Ilẹ̀

Ẹni tó bá mọ Parakou dáadáa ti rí i rí: ilé alámọ̀ tí onílé ti kó kúrò nínú rẹ̀, tí òjò ọdún mélòó kan sọ di àlàpà, tí àlàpà sì di òkìtì kékeré tí ewúrẹ́ ń gùn. Ẹ fún un ní ogún ọdún sí i, koríko á bò ó. Ẹ fún un ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àgbẹ̀ á gbin òwú sórí rẹ̀ láì mọ̀ pé ibi ìdáná ẹnì kan ni òun ń kọ ebè sí. Síbẹ̀, ohun kan wà lára ilé náà tí òjò kò lè fọ̀ lọ. Ibi tí iná ti jó wà níbẹ̀ digbí.

Irin tíntìntín pọ̀ nínú amọ̀ wa pupa yìí. Bí iná ààrò tàbí ti ìléru bá mú un gbóná tó nǹkan bí 600 ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, òòfà inú irin wọ̀nyẹn á tú ká. Bí ó bá ń tutù, gbogbo wọn á kọrí síbi tí òòfà ilé ayé kọrí sí lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì dì síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ààrò, àpáàdì àti ògiri tí iná jó ṣe ń di òòfà kéékèèké lábẹ́ ilẹ̀. Yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká náà ní tirẹ̀, nítorí erùpẹ̀ òkè tó wọ́ kún inú rẹ̀ sábà máa ń ní òòfà ju ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ. Ní 1958, nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì kan lójú ní England, Martin Aitken láti Oxford fi ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà wá ilé ìsunkòkò àwọn ará Róòmù rí níbẹ̀ kí àwọn aṣetítì tó dé. Àwọn mìíràn ń lo rédà, àwọn kan ń fi iná mànàmáná wọn ọ̀rinrin ilẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, ti òòfà ni mo fara mọ́.

Láti Parakou, ẹni tó bá gba Kandi lọ sí Malanville yóò rin ju 300 kìlómítà lọ kó tó rí Odò Ọya. Létí odò yẹn, ní àgbègbè Karimama, ni òkìtì àtijọ́ Birnin Lafiya wà. Inú èdè Haúsá lorúkọ náà ti wá: birni ni ìlú olódi, lafiya sì ni àlàáfíà tí àwa náà ń kí ara wa. Ní 2011 ni ikọ̀ awalẹ̀pìtàn Anne Haour, ti Yunifásítì East Anglia, pẹ̀lú Didier N'Dah ti Abomey-Calavi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Dendi yìí. Carlos Magnavita ni ọ̀gá iṣẹ́ òòfà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ìrìn rẹ̀ ló wù mí jù. Ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ tú gbogbo irin kúrò lára: bẹ́líìtì, kọ́kọ́rọ́, fóònù, bàtà tó ní irin lójú ihò okùn. Èèkàn igi ni wọ́n fi ń pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, 20 mítà sí 20 mítà, wọ́n á sì na okùn tí wọ́n ti sàmì sí. Ojú méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ohun tí oòrùn àti ojú ọ̀run ń ṣe sí òòfà ayé kan àwọn méjèèjì bákan náà. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ kan ti ìsàlẹ̀ jù. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ilẹ̀ ló kù.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ á máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ gbọdọ̀ kan àmì orí okùn bí ó ṣe ń dún. Kò gbọdọ̀ yára, kò gbọdọ̀ fà. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ròkè, kò gbọdọ̀ fì. Bó bá dé òpin, á sún ìdajì mítà, á tún padà. Lórí héktà kan ṣoṣo, 20 kìlómítà ni ìrìn yẹn, lórí ebè, nínú koríko, lójú oòrùn. Òòfà ayé níhìn-ín lé ní 30,000 nanotesla. Ti ààrò kan lè má ju bíi mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ògiri á yẹ̀ lórí àwòrán, á máa ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí eyín ayùn. Mo ti rí àwòrán méjèèjì, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró àti èyí tí kò dúró. Ẹ̀rọ kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni.

Kíka àwòrán tún le sí i lọ́dọ̀ wa. Ní Yúróòpù, òòfà ayé ń wọlẹ̀ ṣóńṣó; níhìn-ín, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, torí ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì gba àríwá Benin kọjá. Ògiri tó lọ láti gúúsù sí àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ rárá, àfi ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn á yọ ketekete. Ilé onígun mẹ́rin lè wá dà bí ìlà méjì tí kò bára tan, ẹni tó mọṣẹ́ ló máa mọ̀ pé ògiri méjì mìíràn wà níbẹ̀ tí kò fara hàn. Yangí náà ń dà á rú. Ibi tí ààrá ti bọ́ á yọ bí ìràwọ̀, kì í sì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Magnavita yìí kan náà wà lára àwọn tó wọn Zilum, ní Borno ní Nàìjíríà, ìlú tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Lórí àwòrán òòfà ni yàrà tó yí i ká ti yọ.

Ní Birnin Lafiya, nígbà tí ikọ̀ Haour walẹ̀, wọ́n bá ilé alámọ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, irú èyí tí a ń ròyìn Ọọ̀ni Lúwòó fún ní Ifẹ̀. Láti nǹkan bí 300 títí dé 1300 ni èèyàn fi gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí òkìtì àtijọ́ wà lóko yín, ní Borgou, ní Alibori, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kétu: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da páànù àti irin àlòkù síbẹ̀. Ìṣó kan ṣoṣo tó já bọ́ síbẹ̀ lánàá lè bo ààrò ẹgbẹ̀rún ọdún mọ́ ẹ̀rọ náà lójú.