Ara Aláìsàn gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rọ Ìṣàyẹ̀wò Omi nínú Eré-oníṣe Ibsen

Ọdún 1882 ni Henrik Ibsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, tẹ eré-oníṣe rẹ̀, En folkefiende, jáde. Ìtumọ̀ àkọlé náà ni 'Ọ̀tá Àwọn Ará Ìlú'. Àwọn lámèyítọ́ sábà máa ń kà á sí ìjà láàrin ẹnì kan ṣoṣo àti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ó gbójú fo omi tí ó bí ìjà náà.

Omi ìwẹ̀ ìwòsàn tí àwọn àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá sí ìlú náà ti bàjẹ́, nítorí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ awọ ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti àìsàn inú ti kọlu àwọn àlejò mélòó kan. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ilé wọn ni wọ́n ti gbé àrùn náà wá. Ìgbà tí ó yá ni Dókítà Stockmann fura, tí ó bu omi ránṣẹ́ sí yunifásítì.

Ẹ̀rọ tí à ń pè ní báyósẹ́ńsọ̀ lè la ojú òǹkàwé sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. Leland Clark àti Champ Lyons, ará Amẹ́ríkà, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1962. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni tiwọn wà fún. Lẹ́yìn náà ni a mú ọgbọ́n kan náà dé orí omi àti oúnjẹ. Èròjà abẹ̀mí kan, bí ẹ́ńsáìmù, yóò dá ohun tí a ń wá mọ̀. Apá kejì ẹ̀rọ náà yóò sì sọ ìdámọ̀ náà di àmì tí a lè kà. Nínú eré Ibsen, ara àlejò ni èròjà abẹ̀mí náà. Dókítà ni ó ń ka àmì. Ènìyàn ní láti dùbúlẹ̀ àìsàn kí àṣírí omi tó tú.

Ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ì bá ti parí ìjà náà kò ka eré náà dáadáa. Ìwé èsì yunifásítì ti dé kí apá kìíní tó parí. Owó àtúnṣe àti ọdún méjì tí yóò gbà ni olórí ìlú, ẹ̀gbọ́n dókítà, ń rò. Ohun tí ẹ̀rọ ì bá mú kúrò ni ipò tí a fi aláìsàn sí.

Àbùkù eré náà kò sì jìnnà sí ibẹ̀: kò sí ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí tí ó yọjú sórí ìtàgé, a kò sì gbọ́ orúkọ wọn. Nígbà tí yóò fi di apá kẹrin, omi ti di àfiwé lásán. Ọkàn àwọn ará ìlú ni dókítà ń pè ní onímájèlé. Wọ́n ti yin ọ̀rọ̀ gígùn yẹn jù. Ẹ̀rín Morten Kiil, arúgbó tí kò gbà pé ẹranko tí ojú kò rí wà nínú omi, wọni lára jù ú lọ.

Satyajit Ray ti India ṣe eré náà ní fíìmù, Ganashatru, ní 1989. Ó sọ omi ìwẹ̀ di omi mímọ́ inú tẹ́ḿpìlì, èyí tí àwọn olùjọsìn ń fi ẹnu ara wọn mu. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń pariwo mọ́ dókítà àti àwọn tí omi náà ń pa lára di ènìyàn kan náà.